Mẹ́mòrì Mélòó Ló Tó Kọ̀ǹpútà Ilé?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí Tai Solarin ní Ìjagun fi fọ́tò láptọ́ọ̀pù mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Tòkúnbọ̀ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. RAM ti àkọ́kọ́ jẹ́ 4GB, ti ìkejì 8GB, ti ìkẹta 16GB. Ohùn tó gbà sílẹ̀ tẹ̀lé e nìyí: "Bọ̀dá mi, ẹ káàárọ̀ sà. Ẹni tó ń tà á ní tí kì í bá ṣe 16, kí n má wulẹ̀ da owó nù, pé á kàn máa hang ni. Ṣùgbọ́n owó tí màmá mi fún mi ò kọjá ti 8. Ṣé kí n lọ yá ìyókù ni?"

Mo ní, "Dúró ná. Má tíì yá kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí lo fẹ́ fi láptọ́ọ̀pù ọ̀hún ṣe gan-an?"

"Assignment, sà. Project. Kí n máa wo fídíò lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àti Zoom."

Màmá ẹ̀ ń ta gaàrí ní ọjà Òkè-Àjé. Mo mọ bí kóńgò gaàrí tó máa wọ̀n ṣe máa pọ̀ tó kí èrè tó lè ra ìdajì láptọ́ọ̀pù, torí náà mi ò fẹ́ fi "àbí kó o kàn ra èyí tó pọ̀ jù" dá a lóhùn. Mo ní kó fún mi lọ́jọ́ kan. Ohun tí mo ṣàlàyé fún un ni mò ń kọ síbí, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan ni wọ́n ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí fún.

Ká kọ́kọ́ tú orúkọ ya. Bí èèyàn bá ní "mẹ́mòrì fóònù mi ti kún", ibi ìkópamọ́ ló ń sọ, ìyẹn ibi tí fọ́tò, orin àti fídíò wà. Bí ẹ bá pa fóònù, ẹ máa bá wọn níbẹ̀ lọ́la. Nínú kọ̀ǹpútà, hard disk tàbí SSD ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. RAM yàtọ̀. RAM ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń tẹ́ iṣẹ́ sí nígbà tó bá ń ṣe é lọ́wọ́.

Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà tí Ojúde Ọba bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Régbérégbé kọ̀ọ̀kan ti kó aṣọ tiwọn wá. Àpótí kún, pẹpẹ ara ògiri kún. Ṣùgbọ́n télọ̀ ò lè gé aṣọ nínú àpótí; ó gbọ́dọ̀ gbé e wá sórí tábìlì, kó tẹ́ ẹ, kó tó mú sísọ́ọ̀sì. Àpótí yẹn ni hard disk. Tábìlì yẹn ni RAM. Ọwọ́ télọ̀ ni processor.

Tí tábìlì bá kéré, iṣẹ́ ṣì máa ṣe é ṣe. Àmọ́ aṣọ kan ló máa gbà. Bí oníbàárà kejì bá dé, télọ̀ á ká ti àkọ́kọ́, á dá a padà sínú àpótí, á gbé èkejì jáde. Bí ti àkọ́kọ́ bá tún yọjú pé òun fẹ́ wo tòun, ó di kó tún ká a, kó tún tẹ́ ẹ. Títí ilẹ̀ á fi ṣú, kíká àti títẹ́ ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tó ṣe. Ohun tí kọ̀ǹpútà yín ń bá yí gan-an nìyẹn nígbà tẹ́ ẹ bá ní ó ń hang. Swap ni wọ́n ń pe kíká àti títẹ́ yẹn, Windows sì ní fáìlì kan tó yà sọ́tọ̀ fún un lórí disk, pagefile lorúkọ ẹ̀.

Báwo ni àpótí ṣe jìnnà sí tábìlì tó? Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti dùn. RAM máa ń dáhùn láàárín nǹkan bíi 100 nánósẹ́kọ́ńdì. SSD máa ń gbà tó 100 máíkírósẹ́kọ́ńdì. Hard disk àtijọ́, èyí tó ń yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù, máa ń gbà tó 10 mílísẹ́kọ́ńdì. Ojú wa ò lè rí ìyàtọ̀ nínú nọ́ńbà tó kéré báyẹn, ẹ jẹ́ ká fẹ̀ wọ́n. Ká ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo ni télọ̀ fi ń mú nǹkan lórí tábìlì. Tó bá jẹ́ SSD ni àpótí ẹ̀, á lo nǹkan bíi ìṣẹ́jú 17 kó tó mú aṣọ wá. Tó bá jẹ́ hard disk, nǹkan bíi wákàtí 28. Ìyẹn ni pé tó bá kúrò nídìí tábìlì láago mẹ́jọ àárọ̀ òní, ọ̀sán ọ̀la ló ń padà bọ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sórí ẹ̀.

Ṣé ẹ ti ń tẹ assignment lọ́wọ́ rí, tí NEPA mú iná lọ, tó jẹ́ pé bátìrì láptọ́ọ̀pù yín ti kú tipẹ́? Ojú ìwé mẹ́ta tí ẹ ò tíì save, ó ti lọ nìyẹn. Inú RAM ló wà. Robert Dennard, ẹnjiníà kan ní IBM, ló ronú irú RAM tí gbogbo wa ń lò yìí, ó sì gba patent ẹ̀ lọ́dún 1968. Ẹ fojú inú wo garawa kékeré: tí iná bá wà nínú ẹ̀, 1 nìyẹn; tí kò bá sí, 0. Wàhálà ibẹ̀ ni pé garawa yẹn ń jò. Kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ máa bu iná kún un padà ní gbogbo 64 mílísẹ́kọ́ńdì, ìyẹn ju ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná lọ, kò sẹ́ni tó ń bù ú mọ́, garawa gbẹ. Ìdí nìyẹn tí sleep fi ń jẹ bátìrì díẹ̀díẹ̀, torí ó gbọ́dọ̀ máa bu iná sí RAM. Hibernate ní tiẹ̀ máa ń kó gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì sínú àpótí, á wá kú pátápátá. Pẹ̀lú bí iná wa ṣe rí, hibernate lèmi fẹ́ràn.

Ó dáa, mélòó ló wá tó? Iye tó tó lónìí kọ́ ló tó lánàá. IBM PC tó jáde lọ́dún 1981, èyí tó kéré jù nínú wọn, 16KB ló ní. KB o, kì í ṣe MB. Fọ́tò kan ṣoṣo tí ẹ fi fóònù òde òní yà ní Ojúde Ọba ò lè wọ inú RAM ọgọ́rùn-ún irú ẹ̀. Windows 95 ní òun fẹ́ 4MB, ó kéré tán. Windows XP, lọ́dún 2001, 64MB. Windows 7, lọ́dún 2009, 1GB. Windows 11, lọ́dún 2021, 4GB. Láti XP dé 11, ìlọ́po 64 nìyẹn láàárín ogún ọdún. Ṣé lẹ́tà tí à ń tẹ̀ ti gùn ní ìlọ́po 64 ni? Rárá o.

Ohun tó yí padà jù ni íntánẹ́ẹ̀tì. Ojú-ìwé ayélujára kan láyé ọjọ́un, ọ̀rọ̀ àti fọ́tò díẹ̀ ni. Lónìí, Facebook tàbí Gmail tẹ́ ẹ ṣí nínú Chrome ti di odindi ètò ìṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, láti 2008 tí Chrome ti jáde, ó ti ń fún àwọn tab ní yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìkan tó kú má bàa pa ìyókù, kí ayédèrú website má sì lè yọjú wo báǹkì yín tó wà ní tab kejì. Ọgbọ́n gidi ni. Ṣùgbọ́n yàrá púpọ̀, mẹ́mòrì púpọ̀.

Ẹ má sì tìtorí pé Microsoft kọ 4GB kẹ́ ẹ rò pé ó tó. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé Windows 11 á jí. Wọn ò ṣèlérí pé ẹ máa ríbi jókòó.

Mo jókòó ti láptọ́ọ̀pù 8GB tèmi, mo ṣí Task Manager, mo ń kà á. Mo tan kọ̀ǹpútà, mi ò ṣí nǹkankan: Windows 11 nìkan ti jẹ nǹkan bíi 3GB. Mo ṣí Chrome, tab mẹ́wàá, YouTube àti Gmail wà nínú ẹ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2GB. Word pẹ̀lú PDF méjì: bíi ìdajì GB. Zoom: ìdajì míì. Àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 6GB, ó ku 2GB tí mo lè fi mí. Ti yín lè yàtọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní jìnnà síyẹn. Lórí 4GB, irú iṣẹ́ yìí kan náà ti ju tábìlì lọ kí ẹ tó fọwọ́ kan Word. Lórí 16GB, ibi tó pọ̀ jù lórí tábìlì ni iṣẹ́ yìí ò ní dé rárá.

Èsì tí mo fún àbúrò mi nìyẹn: 8GB. Fún assignment, fíìmù, Zoom, Excel ṣọ́ọ̀bù, ìwé kíkọ, 8GB tó.

Àwọn kan wà tí kò ní tó. Ẹ wo àwọn tó ń ya fọ́tò ní Ojúde Ọba. Kámẹ́rà wọn lè ya fọ́tò tó ní àmì mílíọ̀nù 24. Lórí káàdì, fọ́tò yẹn lè má ju 10MB lọ, torí wọ́n ti ká a kó lè kéré. Tó bá dé inú Photoshop, ó gbọ́dọ̀ tẹ́ ẹ: àmì kọ̀ọ̀kan gba báìtì mẹ́ta, mílíọ̀nù 24 lọ́nà mẹ́ta, 72MB. Tẹ́ ẹ bá tún fi layer mẹ́wàá lé e, ó ti ju 700MB lọ, fọ́tò kan ṣoṣo nìyẹn. Aṣọ-òkè tó wà nínú báàgì kékeré, ẹ tẹ́ ẹ kẹ́ ẹ wo bó ṣe máa fẹ̀ tó. Adobe fúnra wọn kọ ọ́ pé 8GB ló kéré jù fún Photoshop, wọ́n sì gbà wá nímọ̀ràn 16GB. Ẹni tó ń gé fídíò tàbí tó ń fi Android Studio ṣe app náà wà nínú ìlà yẹn. Tí iṣẹ́ yín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ra 16, ẹ ò jẹ̀bi.

Ẹ̀tàn kan wà tó ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á ṣí Task Manager, wọ́n á rí i pé Windows ti kó nǹkan pa mọ́ sínú RAM láìṣí nǹkankan, wọ́n á figbe ta pé RAM ti ń tán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tábìlì tó ṣófo ò ṣe télọ̀ láǹfààní kankan. Nígbà tí àyè bá wà, Windows máa ń kó ohun tó mọ̀ pé ẹ máa ń lò síbẹ̀ ṣáájú, kó lè tètè ṣí. Tí app míì bá nílò àyè, á palẹ̀ wọn mọ́ lójú ẹsẹ̀. Ohun tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni tí Memory bá ti kọjá 90%, tí Disk náà sì dúró sí 100% lẹ́ẹ̀kan náà, tí máòsì ń fà. Télọ̀ yín ti wà lójú ọ̀nà àpótí nìyẹn.

(Àwọn fóònù tí wọ́n kọ "8GB + 8GB" sí lára páálí náà ńkọ́? 8 àkọ́kọ́ ni tábìlì. 8 kejì, inú àpótí ni wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ má fi san owó 16.)

Èmi náà ti fara gbá a rí o. Lọ́dún 2019, láptọ́ọ̀pù mi ń hang, 4GB ló ní. Mo wọ mọ́tò lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà, mo ra RAM 4GB míì, mo fò padà sí Ìjẹ̀bú-Òde tayọ̀tayọ̀. Mo tú ìdí láptọ́ọ̀pù, RAM ò wọlé. DDR4 ni mo rà. Ihò DDR3 ló wà nínú tèmi. Ẹ̀bi ara mi ni, mi ò wò ó kí n tó lọ. Gẹ́gẹ́ kékeré kan wà ní etí RAM, ibi tó wà lára DDR3 kọ́ ló wà lára DDR4. Ẹsẹ̀ DDR3 ti láptọ́ọ̀pù jẹ́ 204, ti DDR4 jẹ́ 260. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, torí iná tí wọ́n ń jẹ ò dọ́gba: DDR3 ń lo fóòtì 1.5, DDR4 ń lo 1.2. Mo tún wọ mọ́tò padà lọ pààrọ̀ ẹ̀. Àwa Ìjẹ̀bú tí wọ́n ní a mọ owó ná, èmi ni mo san owó mọ́tò lẹ́ẹ̀mejì.

Èyí tó wá dùn mí jù: RAM wọlé, 8GB hàn lójú ẹ̀rọ, láptọ́ọ̀pù ò sì yára jí láàárọ̀. Mo máa ń tan-án, màá lọ fọ ẹnu, màá padà wá bá a lójú kan. Hard disk ni wàhálà ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí wákàtí 28 àti ìṣẹ́jú 17. Gbogbo ohun tó bá fẹ́ dé orí tábìlì, inú àpótí ló ti ń bọ̀ nígbà àkọ́kọ́. Bó ti wù kí tábìlì fẹ̀ tó, tí ọ̀nà àpótí bá jìn, àárọ̀ yín á pẹ́. Ọjọ́ tí mo yọ hard disk yẹn, tí mo fi SSD sí i, ni mo tó mọ̀ pé mo ní láptọ́ọ̀pù.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù lórí àwọn tòkúnbọ̀ tó pẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti rí ọ̀pẹ̀lẹ̀ lọ́wọ́ babaláwo, ẹ ti rí báìtì. Èso mẹ́rin lápá ọ̀tún, mẹ́rin lápá òsì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dojú bolẹ̀ tàbí kó ṣíjú sókè. Gbogbo ọ̀nà tó lè gbà wálẹ̀ jẹ́ 256, iye odù Ifá nìyẹn. Báìtì kan náà ní àyè mẹ́jọ, 0 tàbí 1, ó sì lè gba 256. Mi ò sọ pé Ifá ló ṣe kọ̀ǹpútà o, kí ẹnikẹ́ni má lọ ya screenshot mi. Ìṣirò kan náà ni. Ká wá ní ọ̀pẹ̀lẹ̀ yẹn ní èso 32. Ọ̀nà tó lè gbà wálẹ̀ á di 4,294,967,296. Iye àdírẹ́sì tí Windows 32-bit lè pè nìyẹn, báìtì kan sí àdírẹ́sì kan, ìyẹn 4GB. Àwọn ẹ̀yà mìíràn nínú kọ̀ǹpútà náà máa ń gbà nínú àdírẹ́sì yẹn, torí náà 3GB àti díẹ̀ ló máa ń ṣẹ́ kù fún RAM. Tẹ́ ẹ bá ki 8GB bọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kò ní rí ju ìyẹn náà lọ. Ilé wà, nọ́ńbà ilé ló tán. Tí processor bá jẹ́ 64-bit, ẹ fi Windows 64-bit sí i kẹ́ ẹ tó ra RAM kankan.

Kí ló fa gbogbo ìṣírò yìí? Ní ìparí ọdún 2025, owó RAM gbéra sókè kárí ayé. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀: Samsung àti SK Hynix ní South Korea, Micron ní Amẹ́ríkà. Àwọn tó ń kọ́ ilé kọ̀ǹpútà ràgàjì fún AI ló ń kó RAM lọ. Ní December 2025, Micron kéde pé òun máa pa Crucial tì, ìyẹn orúkọ tí òun fi ń ta RAM fún àwa ará ilé. Nítorí náà, GB tẹ́ ẹ rà tẹ́ ẹ ò lò, owó gidi ló jókòó síbẹ̀.

Ẹni tí owó ẹ̀ ò ju 4GB lọ ńkọ́? Kò burú. Linux Mint, ọ̀fẹ́ ni, 2GB ló kọ gẹ́gẹ́ bí èyí tó kéré jù, ó ní 4GB á jẹ́ kó rọrùn. Ẹ fi SSD sí i, ẹ má ṣí ju tab márùn-ún lọ, á gbé yín jáde níléèwé. Ìyẹn sì tún dáa fún àwọn láptọ́ọ̀pù tí Windows 11 ò gbà, torí Microsoft ò gba ọ̀pọ̀ processor Intel tó ṣáájú generation kẹjọ, wọ́n sì ti dáwọ́ ìtìlẹ́yìn Windows 10 dúró ní October 14, 2025. RAM púpọ̀ ò lè tún ìyẹn ṣe.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tan láptọ́ọ̀pù náà lójú yín. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ lọ sí Performance. Lórí Memory, ẹ máa rí iye GB, ẹ tún wo "Slots used". Tó bá jẹ́ "1 of 2", ihò kan ṣófo, ẹ lè fi kún un lọ́jọ́ iwájú. Àwọn láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ti fi òjé lẹ RAM wọn mọ́ra. Irú ìyẹn, iye tẹ́ ẹ bá bá nínú ẹ̀ náà lẹ máa bá kú. Lẹ́yìn náà ẹ wo Disk: ó máa kọ SSD tàbí HDD síbẹ̀.

Ohun tí mo ní kí àbúrò mi lọ ṣe nìyẹn. Ó padà lọ, ó ya fọ́tò ojú ẹ̀rọ méjèèjì wá. Èyí tó jẹ́ 16GB, tí wọ́n ní kó lọ yá owó rà: HDD. Èyí tó jẹ́ 8GB: SSD, "1 of 2".

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ló tún gba ohùn sílẹ̀ fún mi. "Bọ̀dá mi, mo ti rà á o. Mo ka ìṣẹ́jú àáyá ẹ̀, kò tó ogún tó fi jí. Màmá ní kí n kí yín, wọ́n láwọn á fi gaàrí ránṣẹ́."